Ṣé kí màámi lé àbúrò mi síta ni, àbí kí wọ́n ṣì máa gbé e pọ̀n?

Ìbéèrè:

Ẹ káàárọ̀ ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá agbára mi ni mo ṣe gbé e wá síbí. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún 26, oògùn apàrora ló ń lò, èyí tó lágbára gan-an tí dókítà kọ fún un lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ lọ́dún 3 sẹ́yìn. Ibẹ̀ ló ti di bárakú fún un, nígbà tí dókítà ò sì kọ ọ́ mọ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí í rà á lọ́wọ́ àwọn tí ò yẹ kó máa tà á. Ó ti lóyún oṣù 5 báyìí. Ọ̀dọ̀ màámi ló ń gbé, àwọn náà ni wọ́n ń tọ́jú ọmọ ẹ̀ àkọ́kọ́, ọmọ ọdún 4. Màámi ò sùn mọ́. Wọ́n ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ wọn láti fi san gbèsè ẹ̀. Ẹbí pàdé lọ́jọ́ Àìkú, gbogbo wọn ní kí wọ́n lé e síta, pé tójú ẹ̀ bá rí màbo á jáwọ́, pé màámi ló ń kẹ́ ẹ bàjẹ́. Èmi ò sí nítòsí, owó ni mo máa ń fi ránṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni pé àánú màámi ló ń pa á? Kí ló yẹ káwa tó kù máa ṣe gan-an? Ẹ má fi àdúrà nìkan dá mi lóhùn o, a ti ń gbà á.

* * *

Àǹtí, ẹ kú ìṣòro o. Kí n tó sọ ohunkóhun ẹ jẹ́ n bi yín ní nǹkan kan: nínú gbogbo àwọn tó pé jọ lọ́jọ́ Àìkú yẹn tí wọ́n dájọ́, ta ló mú ọmọ ọdún 4 yẹn lọ sílé ẹ̀ kí màámi yín lè sùn lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo? Ẹ má wulẹ̀ dá mi lóhùn, mo ti mọ ìdáhùn ẹ̀, torí èmi náà ti jókòó nírú ìpàdé yẹn rí, èmi sì ni ìyá tí wọ́n ń bá wí.

Àkọ́bí mi ọkùnrin ló lo oògùn, ọdún 6 gbáko. Láti orí àtẹ̀gùn ni mo ti máa ń mọ̀ bóyá ó ti lò tàbí kò tíì lò, bó bá ń sáré gòkè, ara ẹ̀ ló ń bèèrè, bó bá ń wọ́ ẹsẹ̀, ó ti rí i. Báàgì mi, mo máa ń gbé e wọ balùwẹ̀ ni, màá fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kí n tó wẹ̀, ooru omi gbígbóná sọ awọ ẹ̀ di nǹkan tó ń bó wélewèle, títí dòní mi ò tíì sọ ọ́ nù.

Ìdáhùn mi kúkúrú ni pé rárá, àánú màámi yín kọ́ ló ń pa á, oògùn ni. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tá a máa ń pè láàánú tó jẹ́ pé ìbẹ̀rù ni, mo ń bọ̀ wá sórí ìyẹn.

* * *

Mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ látàárọ̀. Àwọn tó pọ̀ jù ń sọ pé ẹ lé e, pé títí ìyà á fi dé egungun ẹ̀ ni kò ní gbọ́n. Àwọn kan ní kí màámi máa fara dà á, pé ọmọ kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ. Bọ̀dá kan tiẹ̀ ní wọ́n lé ìbátan òun síta, oṣù 3 ló fi sùn káàkiri, ó padà wá, kò fọwọ́ kàn án mọ́ látọjọ́ náà.

Bọ̀dá, mo gbà yín gbọ́, inú mi sì dùn fún un. Àmọ́ ẹ ronú sí i, ẹni tó yè ló ń padà wá sọ ìtàn. Èyí tó kú sẹ́yìn ilé àjòjì ò lè wá bá wa jókòó níbí kó sọ pé ní tèmi o, lílé tí wọ́n lé mi ò ràn mí lọ́wọ́. Ìyẹn ni mi ò ṣe fẹ́ràn ká máa fi ẹnì kan ṣe òdiwọ̀n.

Àwọn tó fara balẹ̀ wò ó wà. Lọ́dún 1999 William Miller, Robert Meyers àti ẹnì kẹta wọn gbé ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí àwọn tí ọtí ti di bárakú fún tí wọ́n sì kọ̀ láti gba ìtọ́jú. Àwọn ẹbí wọn, èèyàn 130, ni wọ́n pín sọ́nà mẹ́ta. Wọ́n kọ́ àwọn kan pé kí wọ́n kó ẹbí jọ ká ẹni náà mọ́lé lójijì kí gbogbo wọn bá a sọ̀rọ̀, èyí mú nǹkan bí 30 nínú 100 gba ìtọ́jú. Wọ́n tọ́ àwọn kan sọ́nà pé kí wọ́n gbájú mọ́ ara wọn, kí wọ́n gbà pé agbára àwọn ò ká ọtí yẹn, èyí mú 13 nínú 100. Wọ́n wá kọ́ àwọn tó kù ní ọ̀nà tí Meyers là sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní CRAFT, òun ló mú 64 nínú 100 lọ gba ìtọ́jú. Ọtí ni wọ́n fi dán an wò nígbà yẹn, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá lò ó fún oògùn olóró, ó sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ náà.

Kí ni CRAFT yìí? Ẹ má jẹ́ kí orúkọ ẹ̀ dẹ́rù bà yín. Lọ́jọ́ tí kò bá lò ó, ẹ jẹ́ kílé tù ú lára, ẹ bá a ṣeré, ẹ jọ jẹun, ẹ jọ jáde. Lọ́jọ́ tó bá lò ó, ẹ ò jà, ẹ ò pariwo, ẹ kàn kúrò níwájú ẹ̀, ẹ má bá a nu èébì ẹ̀, ẹ má bá a pe ọ̀gá ẹ̀ pé ibà ló ń ṣe é. Kẹ́ ẹ sì ti wá ibi ìtọ́jú sílẹ̀ dè é, kẹ́ ẹ ti mọ nọ́ńbà, kẹ́ ẹ ti mọ ọjọ́ tí wọ́n ń gba èèyàn, torí pé ọjọ́ tó bá ya ẹnu sọ pé ó ti sú òun, wákàtí díẹ̀ lẹ ní. Tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè kiri nígbà yẹn, ilẹ̀ á ṣú, ara ẹ̀ á tún bèèrè, ó parí.

Ẹ rí i báyìí pé kì í ṣe lílé, kì í sì í ṣe kíkẹ́. Àárín méjèèjì ni iṣẹ́ wà, ó sì nira ju méjèèjì lọ.

* * *

Ẹnì kan bi mí bóyá mo sanwó gbèsè oògùn rí. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀mejì. Ìgbà àkọ́kọ́, àwọn ọkùnrin méjì wá dúró sẹ́nu ọ̀nà mi láago 11 alẹ́, wọn ò sọ̀rọ̀, wọ́n kàn dúró. Mo san án, kò sì dùn mí dòní, mo ra ẹ̀mí ọmọ mi. Ìgbà kejì, òun fúnra ẹ̀ ló wá sọ pé wọ́n fẹ́ pa òun, kò sẹ́ni tó wá, mo tún san án, ìyẹn ni mò ń pè ní ìbẹ̀rù tó wọ aṣọ àánú. Ẹ̀rọ ìránṣọ màámi yín yẹn, àwọn nìkan ló mọ èyí tó jẹ́ nínú méjèèjì. Ẹ má bi wọ́n.

* * *

Ẹ dúró ná. Mo rí ohun tí ẹnì kan kọ lánàá, pé kí wọ́n ti ọmọbìnrin yẹn mọ́ yàrá fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n máa gbé omi fún un, pé tára ẹ̀ bá ti já oògùn yẹn tán á dáa. Àwọn mẹ́rìnlá ló fọwọ́ sí i. Ẹlòmíì tún ní kí wọ́n mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń so wọ́n mọ́lẹ̀ gbàdúrà fún wọn.

Ẹ MÁ ṢE BẸ́Ẹ̀. Mi ò ní fi ẹnu wẹ́rẹ́ sọ èyí.

Oyún oṣù 5 ló wà nínú ẹ̀. Irú oògùn apàrora tẹ́ ẹ sọ yìí, ìdílé tí wọ́n ń pè ní opioid ló ti wá, téèyàn bá já a lójijì fún aláboyún, gbogbo ara ìyá ló ń gbọ̀n, ilé ọmọ náà lè máa súnkì, oyún lè bà jẹ́ tàbí kó wá láìpé ọjọ́. Àti pé ẹni tí wọ́n fipá já lẹ́nu ẹ̀ sábà máa ń padà sí i. Àjọ Ìlera Àgbáyé WHO ti sọ ọ́ lọ́dún 2014 nínú ìtọ́sọ́nà tí wọ́n kọ nípa àwọn aláboyún tó ń lo oògùn, pé kí wọ́n gbà wọ́n níyànjú láti bọ́ sórí methadone tàbí buprenorphine lọ́dọ̀ dókítà, dípò kí wọ́n máa gbìyànjú àtijá a. Oògùn méjèèjì náà opioid ni, ìyẹn ló ń bí àwọn kan nínú pé ẹ kàn fi oògùn pààrọ̀ oògùn ni. Rárá o. Èyí rọra ń ṣiṣẹ́ ni, kì í gbé e lọ sókè kó tún jù ú sílẹ̀, ara ẹ̀ á balẹ̀, kò ní máa wá owó kiri, ó mọ ohun tó wà nínú ẹ̀ àti bó ṣe pọ̀ tó, ọmọ inú náà á rí ìsinmi.

Àwọn tó ń lo ọtí àtàwọn oògùn amúnisùn bíi Valium, tiwọn tún le jù. Téèyàn bá já ìyẹn lójijì lẹ́yìn tó ti pẹ́ lára, gìrì lè mú un, ó sì lè kú. Nítorí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ti èèyàn mọ́lé, ẹ ò mọ èwo lẹ̀ ń já.

Ọmọ ńkọ́? Ọmọ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n láàárín ọjọ́ 3 tí wọ́n bá bí i tàbí kó pẹ́ díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ tó bá jẹ́ methadone, á máa ké igbe gooro, á máa sín, ọmú ò ní lọ dáadáa. Ó bani lẹ́rù láti wò, àmọ́ ó ṣe é tọ́jú, kò sì sọ ọmọ náà di ẹni tó ń lo oògùn. Tẹ́lẹ̀ ńṣe ni wọ́n máa ń gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀ lọ sí yàrá mìíràn, iná tàn wàá, ariwo ẹ̀rọ, wọ́n á máa ka àmì àìsàn lára ẹ̀ ní wákàtí mélòó kan síra. Ní báyìí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ti yí i padà, ohun mẹ́ta ni wọ́n ń bèèrè: ṣé ọmọ ń jẹun, ṣé ó ń sùn, ṣé wọ́n rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún kó sì gbà? Wọ́n fi í sí yàrá kan náà pẹ̀lú ìyá ẹ̀, wọ́n pa iná, ìyá gbé e mọ́ àyà. Ìwádìí tí wọ́n ṣe nílé ìwòsàn 26 ní Amẹ́ríkà, tó jáde lọ́dún 2023, fi hàn pé nǹkan bí ọjọ́ 8 ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti ń ṣe tán láti lọ sílé, dípò ọjọ́ 15. Ẹ gbọ́ o, ká gbé ọmọ mọ́ àyà ni oògùn ọ̀hún. Nítorí náà ẹni tó máa jókòó ti àbúrò yín ní yàrá yẹn láàárín òru kó gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀ fún wákàtí méjì, ẹ ti yan ẹni yẹn láti ìsinsìnyí.

* * *

Èyí kúkúrú ni. Naloxone. Tí ẹnikẹ́ni bá ń lo opioid nínú ilé yín, ẹ wá a. Oògùn tí wọ́n ń fọ́n sí imú tàbí tí wọ́n ń gún ni, ó máa ń lé opioid kúrò níbi tó jókòó sí nínú ọpọlọ, kí èèyàn lè tún mí. Tẹ́ ẹ bá bá a tí ò ṣe é jí, tí ètè ẹ̀ dúdú bí aró, tí ẹyinjú ẹ̀ kéré bí orí abẹ́rẹ́, tó ń hanrun bíi pé omi wà lọ́nà ọ̀fun ẹ̀, ẹ má dà omi tútù lé e lórí, ẹ má na ẹsẹ̀ ẹ̀, ẹ pe ilé ìwòsàn, ẹ fọ́n ọn, ẹ mí sí i lẹ́nu, tó bá ti ń mí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lélẹ̀. Ẹ má sì fi í sílẹ̀ tó bá ti jí, torí naloxone lè tán lára ẹ̀ láàárín 30 sí 90 ìṣẹ́jú, kí oògùn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ṣì kù, kó tún padà sùn.

Ẹni tó ní mò ń kọ́ àwọn ọ̀daràn ní ọgbọ́n: ẹ kú iṣẹ́. Òkú ò ṣe é tọ́jú.

Ìgbà tó léwu jù, ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibi ìtọ́jú tàbí ẹ̀wọ̀n ni, kì í ṣe ìgbà tó ń lò ó lójoojúmọ́. Ara ẹ̀ ti gbàgbé, ọwọ́ ẹ̀ ò gbàgbé, á lo iye tó ń lò tẹ́lẹ̀. Ilé á sì ti ń ṣe àríyá nígbà yẹn pé ó ti bọ́.

* * *

Mo fẹ́ yà kúrò lọ́nà díẹ̀, ẹ fara mọ́ mi. Àwọn márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti kọ ọ́ síbí pé ọmọ tá ò kọ́ ni yóò gbé ilé tá a kọ́ tà. Ẹ ò wo ọ̀rọ̀ yín dáadáa. Ọmọ tó dáa, ti bàbá ni, èyí tí ò dáa, ó di ti ìyá ẹ̀, ohun tẹ́ ẹ ń sọ gan-an nìyẹn. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan tá a ti wà lórí ọ̀rọ̀ yìí, kò tíì sẹ́ni tó bèèrè bàbá àbúrò yìí, kò sẹ́ni tó bèèrè ẹni tó fún un lóyún. Àní dókítà tó kọ oògùn tí ò sì kọ bí wọ́n ṣe máa dín in kù, ẹ ò bèèrè.

Kí ojú tó ti obìnrin pa, ẹ wo iye wọn tó ń rí ìtọ́jú. Ìròyìn tí UNODC, àjọ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró, gbé jáde lọ́dún 2024 sọ pé èèyàn kan nínú 7 làwọn ọkùnrin tí oògùn ń yọ lẹ́nu tó ń rí ìtọ́jú, àwọn obìnrin, kan nínú 18. Mi ò rò pé ọkùnrin ló gbọ́n jù. Ọkùnrin máa ń rí ẹni tó máa bá a tọ́jú ọmọ. Obìnrin dé ibi ìtọ́jú, wọ́n ní kò sáàyè ọmọdé níbí o, ta lẹ máa fi ọmọ tì? Ó yíjú padà. Ibi tí ọ̀nà ti tì nìyẹn, ilẹ̀kùn kan báyìí, ọmọ ọdún 4 ló dúró níbẹ̀.

Ìyẹn ni mo ṣe bi yín ní ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn.

* * *

Ẹni tó béèrè padà wá, ó ní: “Mà, ẹ ṣeun, mo sunkún nígbà tí mo kà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba àbúrò mi pé tóun bá lọ sílé ìwòsàn tóun sọ òtítọ́, wọ́n á gba ọmọ tóun bá bí i, wọ́n á sì tún wá gba èyí tó wà nílé. Ìdí tí ò fi tíì lọ rí látìgbà tó ti lóyún nìyẹn.”

Àǹtí, ìbẹ̀rù yẹn kì í ṣe irọ́. Òfin yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè, ibi tí wọ́n ti máa ń tètè gba ọmọ wà, ibi tí wọ́n ti ń fi aláboyún sẹ́wọ̀n náà wà, mi ò ní tan yín. Ẹ wá ẹni tó mọ òfin ibẹ̀ kẹ́ ẹ bi í kó tó lọ. Síbẹ̀ ohun tí mo ti rí lójú ara mi ni pé ìyá tó wá fúnra ẹ̀ nínú oyún, tó ti ń gba ìtọ́jú, tí ẹbí tẹ̀ lé e wọlé, ojú ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ń wò ó sí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ̀rọ̀ ẹ̀ nígbà tí ọmọ ń gbọ̀n lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ lọ pẹ̀lú ìwé. Mo ń sọ ìwé gidi, bébà kan: ẹni tó máa gbé ọmọ tára ìyá ò bá yá, ẹni tó máa sùn tì í, ibi tí wọ́n máa ti oògùn mọ́, nọ́ńbà ẹni mẹ́ta. Òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé, ohun tó ń wá nìyẹn, àgbàlagbà tó máa dáhùn tó bá pe fóònù.

Àwọn ilé ẹjọ́ kan tiẹ̀ ti rí i pé gbígba ọmọ nìkan ò tán ọ̀rọ̀. Ní London lọ́dún 2008 adájọ́ Nicholas Crichton dá ilé ẹjọ́ kan sílẹ̀ fún àwọn òbí tó ń lo oògùn, adájọ́ kan náà ni òbí ń rí ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, láìsí lọ́yà láàárín wọn, á bi í pé báwo lo ṣe sùn, ṣé o lò ó, kí ló ṣẹlẹ̀. Irú ẹ̀ ti wà ní Amẹ́ríkà ṣáájú ìyẹn. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ibi gbogbo ló ní in. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ó ṣe é ṣe.

* * *

Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́. Wọ́n bi mí, àwọn kan ní ìpàdé àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ yẹn, òfófó lásán ni, ẹ lọ kó ọ̀rọ̀ ilé yín síta.

Kì í ṣe nǹkan tuntun. Lọ́dún 1951 ni ìyàwó ọ̀kan lára àwọn tó dá Alcoholics Anonymous, ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí, sílẹ̀, Lois Wilson, pẹ̀lú ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan dá Al-Anon sílẹ̀ fún ẹbí àwọn tó ń mutí, torí pé àwọn ọkọ ń ṣèpàdé nínú lọ́hùn-ún, àwọn ìyàwó ló jókòó síta tí wọ́n ń dúró dè wọ́n. Nar-Anon wà fún ẹbí àwọn tó ń lo oògùn. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n máa ń sọ: ìwọ kọ́ lo fà á, o ò lè darí ẹ̀, o ò lè wò ó sàn. Mo fara mọ́ ti àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn. Ti àárín yẹn, àwa kan máa ń jiyàn lé e, torí o ò lè darí ẹ̀ lóòótọ́ ṣùgbọ́n o lè yí ohun tó bá nílé padà, ohun tí CRAFT ń sọ nìyẹn, mo sì rí i pé àwọn tó di ọ̀rọ̀ àárín yẹn mú ju bó ṣe yẹ lọ máa ń fọwọ́ lẹ́rán.

Tiwa kéré. Obìnrin 7 ni wá nígbà tá a bẹ̀rẹ̀, nínú yàrá kan tí wọ́n yá wa. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni báàgì. Kò sẹ́ni tó gbé báàgì ẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo wa gbé e lé itan, a fi apá dè é mọ́ra, bẹ́ẹ̀ ìyá ọlọ́mọ nìkan ló wà níbẹ̀, ta ló fẹ́ jí i? Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn mo mọ gbogbo àwọn tínú ń run. Oṣù kẹta ni obìnrin kan kọ́kọ́ gbé tiẹ̀ sórí ilẹ̀ láìmọ̀, ó ń sọ̀rọ̀ lọ, nígbà tó rí i ó dákẹ́, ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín.

Òfófó? Bẹ́ẹ̀ ni, a ní ẹyọ kan tó ṣòfófó. A ní kó má wá mọ́, ó sì dùn wá torí òun náà ń jìyà. Òfin wa ò ju mẹ́ta lọ: ọ̀rọ̀ ò gbọdọ̀ jáde, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ gba ẹlòmíì nímọ̀ràn àyàfi tó bá bèèrè, ẹnikẹ́ni tó bá wá gbọ́dọ̀ sọ ohun kan tó fẹ́ kí wọ́n bá òun ṣe lọ́sẹ̀ yẹn, ohun tó ṣe é fọwọ́ mú. Èyí ìkẹyìn yẹn ló le jù. Obìnrin á ní kò sí, ẹ máa rántí mi. Rárá o, ohun kan. Títí á fi sọ pé kí ẹnì kan bá òun lọ gba èsì àyẹ̀wò. Kí ẹnì kan gba kọ́kọ́rọ́ ilé òun dání.

* * *

Àǹtí, ẹ ní kí n sọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe láti òkèèrè. Ẹ ṣíwọ́ fífi owó lásán ránṣẹ́ o, mo mọ̀ pé á dùn yín, owó tó bá wọ ilé yẹn, ọ̀nà méjì péré ló ń gbà jáde, oògùn àti gbèsè oògùn. Ẹ san owó iná láti ọ̀dọ̀ yín, ẹ san owó iléèwé ọmọ yẹn tààrà, ẹ san owó ọkọ̀ kílíníìkì fún awakọ̀ tẹ́ ẹ mọ̀. Tí wọ́n bá fi í sórí methadone, ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n ti máa ń ní kó wá mu ún lójú nọ́ọ̀sì lójoojúmọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, lójoojúmọ́ o, oyún nínú, ọmọ ọdún 4 lọ́wọ́, ta ló máa mú un lọ? Àwọn tó pàdé lọ́jọ́ Àìkú yẹn, mélòó ni wọ́n, 9? Ẹ pín ọjọ́ fún wọn. Ẹ má ní kí wọ́n ràn yín lọ́wọ́, ẹ sọ pé ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni tiyín, aago 7 sí aago 9, ọmọ lẹ máa gbà. Ẹni tó bá kọ̀, kò ní ṣèdájọ́ mọ́ nípàdé tó ń bọ̀, ìyẹn náà jèrè.

Ọmọ yẹn gan-an, ẹ má pa á tì. Ọmọ ọdún 4 gbọ́ gbogbo ẹ̀. Tí ò bá sẹ́ni tó sọ fún un, á rò pé òun lòun ṣe nǹkan tí ìyá òun fi ń sùn lọ́sàn-án. Ẹ sọ fún un pé ara màmá ẹ ò yá, dókítà ń tọ́jú ẹ̀, ìwọ kọ́ lo fà á. Ẹ tún un sọ lọ́jọ́ kejì. Ọmọ mi kejì jẹ́ ọdún 11 kó tó sọ fún mi pé òun rò pé bíbú tóun bú ẹ̀gbọ́n òun lẹ́ẹ̀kan ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀. Ọdún 4 ló fi gbé ìyẹn sínú.

* * *

Ẹni tó béèrè, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 5: “Mà, ẹ kú alẹ́. Mo gba ààyè lẹ́nu iṣẹ́, mo wálé. Ó ti bẹ̀rẹ̀ methadone, ọjọ́ 12 rèé, ó pa ọjọ́ kan jẹ, ó sì lò ó lọ́jọ́ yẹn, òun fúnra ẹ̀ ló sọ fún nọ́ọ̀sì. Nínú àwọn 9, mẹ́ta ló gba ọjọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa tó pariwo jù lọ́jọ́ Àìkú náà wà níbẹ̀, àwọn ni wọ́n ń wà á lọ ní Ọjọ́rú, wọn kì í bá a sọ̀rọ̀ lọ́nà ṣùgbọ́n wọ́n máa ń dúró. Màámi ń bínú sí mi pé mo gba àpò owó lọ́wọ́ àwọn. Lọ́sàn-án òní mo mú ọmọ yẹn jáde, nígbà tá a máa padà dé màámi ti sùn sórí àga, bàtà wà lẹ́sẹ̀ wọn, ilẹ̀ ti ṣú báyìí wọn ò tíì jí, ẹ̀rù ti ń bà mí. Ṣé kí n jí wọn kí wọ́n jẹun?”

Ẹ wò ó bóyá wọ́n ń mí dáadáa. Ẹ bọ́ bàtà yẹn. Ẹ má jí wọn.